Ọmọ Adìẹ Tí Kò Jọ Ìyá Rẹ̀

Àtìní, 10 Oṣù Kẹta, 2025

Àkùkọ pupa ti dé láti Olúpọ̀nnà. Ẹyinjúolúwa tí a jọ ka ìwé mẹ́wàá ló gbé e wá lórí ọ̀kadà, ó so ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àpò bò ó lójú. Ó pupa látorí dé ìrù. Mo ṣí abẹ́ apá rẹ̀, mo yẹ ìdí ìyẹ́ rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndípẹ̀ tó kọ́ wa níṣẹ́ adìẹ ní Ilé-Ogbó sọ pé bí ilà funfun bá fi lè wà lára àkùkọ náà, kí á má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilà.

Ìyá ní, “Ṣé iná orí lò ń bá a wá ni?”

Ìyá ọkọ mi ló ni adìẹ abilà mẹ́fà tó wà nínú ọgbà. Wọ́n fi wọ́n fún mi sìn ni. Ọmọ tí wọ́n bá pa, a ó pín in sí méjì, Ìyá tó ni adìẹ ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sìn ín ní Ìwó kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá Sobur, ọkọ mi, pè láti Ọ̀tà. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Òun ò lè máa bọ́ ilé méjì. Bí abo tuntun mẹ́wàá tí yóò yé ẹyin bá wà lọ́wọ́ mi nígbà Iléyá, kí n máa gbé Ìwó. Bí kò bá sí, kí n gbé ọmọ padà sí yàrá wa lẹ́yìn ilé iṣẹ́ onírin.

Ní Ọ̀tà, àyà Sobur ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà. Láti ìgbà tí a ti dé Ìwó, kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. N kò fẹ́ padà.

Jímọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Mo tún ẹ̀kọ́ Ògúndípẹ̀ kọ síbí, torí Sobur ti jẹ etí ìwé tí mo kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀.

Ní ti èèyàn, bàbá ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ní ti ẹyẹ, ìyá ni. Jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń fi ilà sára adìẹ, ọmọkùnrin nìkan ni ìyá ń gbé e fún. Ọmọbìnrin kì í rí gbà nínú rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ ló ń mú. Nítorí náà, bí abo bá jẹ́ abilà tí àkùkọ jẹ́ pupa, ọmọ tó bá jáde pẹ̀lú àmì funfun lórí, akọ ni. Èyí tó bá dúdú lórí láìní àmì, abo ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti pa á ni èèyàn ti lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i sódì, kí àkùkọ jẹ́ abilà kí abo jẹ́ pupa, gbogbo wọn ni yóò ní àmì, èèyàn ò ní mọ nǹkan kan.

Ìyá kọjá, wọ́n rí mi. “Kí lò ń kọ?”

“Ẹ̀kọ́ adìẹ ni, Ìyá.”

“Ṣé adìẹ náà ń kọ tìẹ sílẹ̀?”

Àtàláátà, 18 Oṣù Kẹta

Àwọn abilà ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ sàba. A gbé ẹyin wọn sábẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́ta. Mọ́kànlá mọ́kànlá.

Kí a tó gbé e sí i, Ìyá ṣà wọ́n. Wọ́n ní ẹyin tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, akọ ni. Èyí tó bá rí rogodo, abo ni. Wọ́n kó àwọn rogodo sábẹ́ adìẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù. N kò bá wọn jiyàn. Òùngbẹ ààwẹ̀ ń gbẹ wọ́n, oòrùn sì mú.

Àpò oúnjẹ ọmọ adìẹ ti di ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún náírà. Mo ra ìdajì.

Sọ́ńdè, 30 Oṣù Kẹta

Ọdún ààwẹ̀. Nígbà tí mo máa dé láti yídì, adìẹ kan ti dìde kúrò lórí ẹyin, ó ń yan kiri nínú ọgbà bí ìyàwó tuntun. Mo fọwọ́ kan ẹyin náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. N kò gbádùn ìrẹsì ọdún.

Àtàláátà, 8 Oṣù Kẹrin

Adìẹ ń pa ọmọ! Láàárọ̀ ni mo gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ adìẹ àkọ́kọ́. Mo so Sobur mọ́ ẹ̀yìn, mo fi ìborùn bo imú rẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé. Ọmọ kan yọ orí jáde láàárín ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Ó dúdú. Àmì funfun kan wà lórí rẹ̀ bí ẹni fi ìka tọ́ ẹfun sí i. Òmíràn yọjú tẹ̀lé e, orí rẹ̀ dúdú kanlẹ̀.

Ó rí gẹ́lẹ́ bí Ògúndípẹ̀ ṣe sọ ọ́.

Àlàmísì, 10 Oṣù Kẹrin

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jáde. Mẹ́tàlá kò ní àmì, mẹ́rìnlá ní i. Lábẹ́ adìẹ tí Ìyá kó ẹyin rogodo sí, èyí tó ní àmì ló pọ̀ jù.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún wọn. “Ìyá, àwọn tó ní àmì funfun lórí yìí, akọ ni wọ́n. Àwọn tí kò ní, abo ni.”

“Ọmọ ọjọ́ méjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ìdí rẹ̀. “Kò sí nǹkan kan níbí.”

“Kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń wò ó, Ìyá. Orí ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Wọ́n ní bó bá ṣe orí la fi ń mọ ọkùnrin ni, ọ̀pọ̀ ilé kì bá tí dàrú.

Sátidé, 26 Oṣù Kẹrin

Àwòdì gbé dúdú kan lọ ní ọ̀sán gangan. Mo wà níbẹ̀. Mo pariwo, mo ju bàtà, ó gbé e lọ náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì nínú àwọn tó ní àmì ti bọ́ sínú omi, wọ́n kú. Ó ku méjìlá méjìlá. Mo bẹ káfíńtà, ó fi àwọ̀n bo òkè ọgbà.

Àlàrùbá, 30 Oṣù Kẹrin

Sàrátù, àbúrò Bàbá Sobur, bímọ ní Kuta lọ́jọ́ Àtìní. Obìnrin ni. Ìyá yóò lọ bá a tọ́jú ọmọ títí di Iléyá, wọ́n sì fẹ́ kó ìpín wọn dání, kí Sàrátù lè máa rí ẹyin jẹ bó bá yá. Ó di dandan kí a pín in lónìí.

Mo kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n ńlá. Ìyá jókòó sórí àpótí, wọ́n ká ìró wọn sórúnkún. Ilà ti ń jáde lára àwọn tó ní àmì, wọ́n ti ń jọ àwọn abilà tó yé wọn gẹ́lẹ́. Àwọn dúdú kò jọ ẹnì kankan, àfi pé ọrùn wọn ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ìyá mú abilà kan. Wọ́n mú ìkejì. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Akọ ni ẹ̀ ń mú yẹn.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Àwọn dúdú ni abo.”

“Ògúndípẹ̀ yẹn náà ni? Ó ti yé ẹyin rí?”

“Ìyá…”

“Ọmọ obìnrin kì í jọ ìyá ẹ̀ ni? Wo Sàrátù, wo èmi. Wo ìbàdí wa. Eléyìí jọ ìyá ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, o ní akọ ni. Èyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí kò jọ ìyá tí kò jọ bàbá, òun lo ní ó máa yé ẹyin fún mi.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká pín in bákan náà nígbà náà. Ẹ mú abilà mẹ́fà, ẹ mú dúdú mẹ́fà. Èmi náà á mú bẹ́ẹ̀.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé mẹ́fà kì í ṣe mẹ́wàá.

Ìyá wò mí títí. Wọ́n wá mi orí.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti yé mi báyìí. O ti rí àwọn tó dáa, o wá fẹ́ kí n fi ìdajì wọn sílẹ̀ fún ẹ. Ìwé mẹ́wàá lo kà, Aqeelah. Èmi ti ń ná ọjà Odò-Orí kí wọ́n tó bí ìyá ẹ.”

Wọ́n kó abilà méjèèjìlá, wọ́n dì wọ́n sínú agbọ̀n, wọ́n wọ mọ́tò Kuta. Wọ́n fi ẹnu kan Sobur lórí kí wọ́n tó lọ. Wọn kò dágbére fún mi dáadáa.

N kò mọ ohun tí ǹ bá máa bẹ Ọlọ́run fún. Bí mo bá tọ̀nà, Ìyá ti kó àkùkọ méjìlá lọ bá abiyamọ. Bí n kò bá tọ̀nà, Ọ̀tà ni.

Jímọ̀, 9 Oṣù Karùn-ún

Òjò ńlá àná ṣí páànù ọgbà. Dúdú kan kú sínú omi. Ó ku mọ́kànlá.

Sobur húkọ́ láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n mo gbé etí lé e láyà fún àkókò tó gùn. Mo gbé e lọ sí ibùdó ìlera. Nọ́ọ̀sì ní àyà rẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá mo ń sin nǹkan. Mo ní adìẹ. Ó ní kí n má ṣe fi aṣọ tí mo wọ dé ọgbà gbé ọmọ mọ́ láéláé, kí n sì fọwọ́ dé ìgúnpá. Mo ti ya búbà kan sọ́tọ̀, ara ògiri lẹ́yìn ilé ni mo ń fi kọ́.

Sọ́ńdè, 18 Oṣù Karùn-ún

Mo ń fún Sobur lọ́mú nígbà tí mo gbọ́ kíkọ àkùkọ kékeré, ohùn tó há, bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo. Mo já ọmú lẹ́nu ọmọ, mo sá jáde láìwé gèlè. Àwọn mọ́kànlá ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ tiwọn. Mo gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wo ogbe orí wọn. Ó kéré, kò pọ́n.

Ìyá Kareemah, aládùúgbò wa, yọrí lórí ògiri. “Ìyá Sobur, ṣé olè ni?”

“Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé àkùkọ yín ló kọ?”

“Àkùkọ wa kọ, o wá ń sáré báyìí? Bó bá wá yé ẹyin ńkọ́?”

Ó ti sọ ọ́ káàkiri àdúgbò kí oòrùn tó wọ̀.

Àtàláátà, 20 Oṣù Karùn-ún

Adìẹ ìbílẹ̀ kan tún ń wá ibi tí yóò sàba sí. Mo gbé ẹyin abilà mẹ́wàá sábẹ́ rẹ̀.

Àtìní, 26 Oṣù Karùn-ún

Ìyá pè. Wọn kò béèrè Sobur. Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀.

“Aqeelah.”

“Mò ń gbọ́ yín, Ìyá.”

“Mẹ́ta ti kọ láàárọ̀ yìí.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá.”

“Àwọn yòókù ń kọ́ ọ. Sàrátù ní kí n kó wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, pé wọ́n á bá ládàánì pe ìrun. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.”

Mo fi eyín tẹ ètè mi kí ẹ̀rín má baà jáde.

“O mọ̀,” ni Ìyá wí.

“Mo sọ fún yín, Ìyá.”

“O kò tẹnu mọ́ ọn.” Wọ́n sì pa fóònù.

Inú mi dùn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an, mo jó díẹ̀ nínú ilé ìdáná pẹ̀lú Sobur. Ẹ̀kọ́ náà jẹ́ òótọ́. Abo mọ́kànlá ni mo ní lóòótọ́, a kò ní lọ sí Ọ̀tà. Lẹ́yìn náà mo rántí pé ilé Ìyá ni ọgbà náà wà.

Àlàmísì, 5 Oṣù Kẹfà

Ìyá ti dé láti Kuta, Bàbá Sobur dé láti Ọ̀tà. Àwọn àkùkọ ń kọ nínú agbọ̀n látorí mọ́tò wá. Ìyá Kareemah ti dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Badrudeen! Ẹ kó ọmọ kéwú bọ̀ fún ọdún!”

“Ìwọ náà ka kéwú tìẹ, kó o dákẹ́,” ni Ìyá dá a lóhùn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun.” Ẹ! Sí èmi! Mo gbé omi ìwẹ̀ lọ fún wọn, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo padà, omi náà ṣì kún.

Sátidé, 7 Oṣù Kẹfà

Àná ni Iléyá. Ẹran pọ̀, òjò kò rọ̀, Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí Bàbá Sobur wọ ọgbà lọ. Ó gbé àwọn dúdú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ogbe wọn, ó ń fi wọ́n wé àwọn àkùkọ Ìyá tí ogbe tiwọn ti pọ́n bí ata. Ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Mọ́kànlá. Ó dáa. Ẹ máa gbé Ìwó.”

Ó tán. Ohun tí mò ń wá láti oṣù kẹta ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá jókòó níbẹ̀ nídìí ẹran tí wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ fún dídín, wọ́n kẹ̀yìn sí wa, ọ̀bẹ wọn kò sì lọ mọ́.

Kì í ṣe pé mo dára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá ń gbé inú ilé yìí tí Ìyá kò wẹ omi tí mo bá gbé, ọdún yóò gùn jù. Àti pé adìẹ wọn náà ni. Ara àwọn abilà mẹ́fà wọn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Mo lọ kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ jẹ́ ká tún un pín.”

Bàbá Sobur ní, “Tún kí ni pín? Ṣebí ẹ ti pín in?”

“Akọ wà lápá kan, abo wà lápá kejì. Ìyẹn kì í ṣe pípín.”

Ìyá kò yíjú. “Mo gbọ́ pé o ti sọ fún mi.”

“Mo sọ ọ́, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká pín in náà.”

Ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. “Èmi ni mo ni ìyá wọn. Mẹ́fà ni tèmi nínú dúdú.”

“Ẹ mú mẹ́fà.”

“Kí ìwọ mú mẹ́fà nínú àwọn aláriwo wọ̀nyí.”

“Mo gbà, Ìyá.”

Bàbá Sobur pa ọwọ́ pọ̀. “Aqeelah, márùn-ún ló kù sí ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Ìwọ àti èmi jọ sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí a wá máa ṣe bí ẹni pé a ò sọ ọ́.”

Ọmú ń dà sí mi láyà, Sobur ń sunkún nínú ilé, n kò sì lè dìde. Mo ti ń rí yàrá yẹn. Mo ti ń gbọ́ irin.

Ìyá nu ọwọ́ sí àkísà. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

“Badrudeen, adìẹ mi mẹ́fà yìí, ta ló máa bá mi sìn ín? Ìwọ? O máa kó wọn lọ sí Ọ̀tà?”

“Ìyá, adìẹ yín kọ́ ni mò ń sọ.”

“Adìẹ mi ni mò ń sọ. Mo ti fún ìyàwó ẹ sìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa wà. Lọ kà wọ́n.”

“Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n.”

“Mo mọ̀ pé èmi ni mo ni wọ́n. Ìwọ náà, èmi ni mo ni ẹ́, òun ni mo fi ẹ́ fún. Lọ kà wọ́n, mo ní.”

Ó padà sínú ọgbà lóòótọ́, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, ó ń ka adìẹ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó pé mọ́kànlá.

“Ó ti tó mẹ́wàá àbí kò tó?”

“Ó tó, Ìyá.”

“Ọmọ tó ń mí dáadáa, o fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin.” Wọ́n na ọwọ́ sí mi láìwò mí. “Ìyàwó, lọ gbé ọmọ tó ń ké yẹn. Bó o bá ń bọ̀, bá mi gbé omi wá.”

Sọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹfà

Bàbá Sobur padà sí Ọ̀tà, òun nìkan. Ó gbé Sobur títí mọ́tò fi kún. Ó ní òun á máa wá lóṣooṣù. Ó tún ní kí n bi Ògúndípẹ̀ bóyá irú ọgbọ́n yìí wà fún tòlótòló.

Àtàláátà, 10 Oṣù Kẹfà

Mẹ́jọ ló jáde nínú ẹyin mẹ́wàá. Mo ń fọ aṣọ Sobur lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá gbé wọn jáde nínú igbá síbi tí oòrùn wà. Wọ́n ti wọ awò ojú wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n gbé e sún mọ́ mi.

“Eléyìí, ṣé àmì ni àbí ìdọ̀tí?”

Mo nu ọwọ́, mo wò ó. “Àmì ni, Ìyá. Akọ ni.”

Wọ́n gbé e sí apá kan. Wọ́n mú òmíràn, wọn kò bi mí. Wọ́n tẹ orí rẹ̀ sí oòrùn, wọ́n fi àtàńpàkò ya irun rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì gbé e sí apá kejì.

Mo yọjú wò ó. Abo ni.